Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Mọ́tò Eré Tọ́kunbọ̀ Tó Ń Yí Gíà Fúnra Rẹ̀ Wò Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ rèé. Ẹnì kan rí BMW M3 tàbí Toyota MR2 tó ń dán gbinrin lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò. Ó wọ inú rẹ̀, kò rí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ótómátíìkì nìyí." Wọ́n ti tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ dè é láti àárọ̀, ó ti gbóná dáadáa. Wọ́n wà á yí Alágbàka po fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀nà tẹ́jú, mọ́tò sáré, owó jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mọ́tò dúró gbagidi lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, gíà kò wọlé, kò sì ṣeé tì.

Ìyẹ̀wò ótómátíìkì ni wọ́n ṣe fún mọ́tò tí kì í ṣe ótómátíìkì. Mánúà ni mọ́tò yìí. Kílọ́ọ̀ṣì gidi wà nínú rẹ̀, gíà gidi wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì dípò ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ̀rọ ló sì ń fa gíà dípò ọwọ́. Gíà onírin inú rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Gíábọ́ọ̀sì Getrag 420G tó wà nínú M3 àbùdá E46 onípẹ́dà mẹ́ta náà ló wà nínú èyí tó ń yí gíà fúnra rẹ̀, tí BMW ń pè ní SMG. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tí a kò rí yẹn ló ń bàjẹ́: pọ́ǹpù tó ń fi ọ́ìlì ti kílọ́ọ̀ṣì àti gíà, accumulator tó ń pa agbára ọ́ìlì náà mọ́, fáàfù, sẹ́ńsọ̀, àti kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Àwọn ni gbogbo ìyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ yìí ń wá.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àárọ̀ kùtù. Ẹ ti sọ fún ẹni tó ń tà á láti alẹ́ àná pé kó má tan mọ́tò náà kí ẹ tó dé.
- Ẹnì kejì tí etí rẹ̀ mú. Tí ẹ bá wà nídìí sítíárìn, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà níta tó ń gbọ́ pọ́ǹpù.
- Síkánà tó lè bá kọ̀ǹpútà gíà sọ̀rọ̀. Àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, ẹ́ńjìnì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà. Fún BMW, láptọ́ọ̀pù tó ní INPA tàbí ISTA, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ BMW wò, ló dára jù. Àwọn síkánà Launch àti Autel ńlá náà ń ka ọ̀pọ̀ mọ́tò. Bí ẹ bá ń bá rèwáyà sọ̀rọ̀, ẹ má bi í pé, "Ṣé ẹ ní síkánà?" Ohun tí ẹ máa bi í ni, "Ṣé tiyín ń ka kọ̀ǹpútà gíà mọ́tò yìí, ṣé ó sì lè kọ́ kọ̀ǹpútà náà níbi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú?"
- Mítà tí wọ́n fi ń wọn fóòtì bátìrì, tọ́ọ̀ṣì, páálí fífẹ̀ kan tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ mọ́tò, ìwé àti bírò.
- Epo tó pọ̀ tó nínú táńkì láti wà á fún bíi wákàtí kan. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lòun lè fún yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú gíà tó wà nínú rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀pá gíà. Ótómátíìkì gidi ní P. Irú èyí tí a ń sọ kò ní P. Ohun tí ẹ máa rí ni R, N tàbí 0, A tàbí M, àti + pẹ̀lú −. Àwọn Ferrari àti Lamborghini Gallardo kò tilẹ̀ ní ọ̀pá gíà bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ewé méjì ẹ̀yìn sítíárìn ni wọ́n fi ń yí gíà.

Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. BMW ń pè é ní SMG: M3 E46, M5 E60, M6, àti àwọn Z4 kan. Toyota MR2 ayé 2002 sí 2005 tó ti Amẹ́ríkà wá ń jẹ́ SMT. Alfa Romeo ń pè é ní Selespeed, Ferrari ń pè é ní F1, Maserati Cambiocorsa, Gallardo E-gear, Audi R8 àkọ́kọ́ R tronic. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra mọ́tò kékeré tó ti Yúróòpù wá náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín: Smart, Opel tó kọ Easytronic sára, àti àwọn Yaris àti Corolla ilẹ̀ Yúróòpù tó ní MultiMode, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra: ewé ẹ̀yìn sítíárìn nìkan kò fi ohunkóhun hàn. Ọ̀pọ̀ ótómátíìkì ní i. Bákan náà, gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, bíi DSG ti Volkswagen, kì í ṣe ara èyí. Àrùn tirẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó sì máa ń tan ènìyàn jù ni M3 tó jáde láti 2008: ọ̀pá gíà rẹ̀ kò ní P, síbẹ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì méjì làwọn kan nínú wọn. Ẹ pa ẹ́ńjìnì rẹ̀, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí P bá yọ níbẹ̀, kì í ṣe SMG.

Ohun kan tún wà. Àwọn kan ti yọ gbogbo ẹ̀rọ SMG kúrò, wọ́n sì ti fi pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, èmi ò ní sọ pé kí ẹ sá fún un, torí iṣẹ́ tó ń dààmú ènìyàn ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ẹni tó ṣe é àti bóyá wọ́n kọ kọ̀ǹpútà mọ́tò náà ní àkọtúnkọ. Bí iná gíà bá ṣì ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ọ̀hún kò parí.

Kí ẹ tó kúrò níbí, orúkọ gíà náà gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìwé yín pẹ̀lú nọ́ńbà VIN tó wà lára mọ́tò, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu.

Ìpele 2: Ẹ bèèrè ìtàn kílọ́ọ̀ṣì

Èyí kò gba àkókò. Ìbéèrè mẹ́ta ni: ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn, ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà níbi tí kílọ́ọ̀ṣì tuntun náà ti ń mú, irú ọ́ìlì wo ló sì wà nínú pọ́ǹpù? Bó bá jẹ́ tọ́kunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹni tó ń tà á kò ní mọ̀, kò sì jẹ̀bi. Ẹ fi VIN ra àkọsílẹ̀ Carfax bó bá ti Amẹ́ríkà wá. Ó lè sọ bó bá ti rí jàm̀bá tàbí omíyalé rí. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, ìdáhùn "kílọ́ọ̀ṣì tuntun ni" láìsí rìsíìtì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "a kò mọ̀".

Ìpele 3: Ẹ gbọ́ ohùn pọ́ǹpù nígbà tí mọ́tò tutù

Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Mi ò sọ ọ́ ṣeré. Mọ́tò tó ti gbóná ti fún pọ́ǹpù láyè láti kó agbára jọ kí ẹ tó dé, àìsàn òwúrọ̀ ti fara pamọ́.

Bó bá tutù, ẹ ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí wọ́n pa rédíò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Lára BMW oní-SMG àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ítálì, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ilẹ̀kùn bá ṣe ń ṣí. Kó kùn fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kó dákẹ́. Bó bá ń kùn lọ láìdákẹ́, agbára ń jò níbì kan, tàbí pọ́ǹpù ti rẹ̀. Bí kò bá kùn rárá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ lọ sí ìdánwò tó kàn, á fi òtítọ́ hàn. Smart àti Toyota MultiMode kò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì báyìí, mọ́tò iná ló ń ṣiṣẹ́ wọn, nítorí náà ẹ fò é.

Ìdánwò tó kàn rèé, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, ẹ má tan ẹ́ńjìnì. Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ fi sí 1, ẹ padà sí N, ẹ fi sí R, ẹ padà sí N, díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnì kejì yín máa ka iye ìgbà tí gíà yí kí pọ́ǹpù tó tún kùn. Accumulator, ìyẹn ìgò irin kékeré tí gáàsì nitrogen wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa agbára ọ́ìlì mọ́ kí pọ́ǹpù lè sinmi. Bó bá le, gíà á yí ní ìgbà mélòó kan kí pọ́ǹpù tó jí. Bí pọ́ǹpù bá ń kùn ní gbogbo ìgbà tí gíà bá yí, gáàsì ti tán nínú ìgò yẹn. Accumulator fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan tó wọ́n jù, àmọ́ bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, rìléè rẹ̀ á jó, pọ́ǹpù gan-an á sì tẹ̀lé e. Pọ́ǹpù ló ń kó ènìyàn sí gbèsè.

Ẹ tún ṣe é báyìí: ẹ fi sí N, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní títàn, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan. Bí pọ́ǹpù bá ń jí fúnra rẹ̀ léraléra láìjẹ́ pé ẹ yí gíà, ọ́ìlì ń sá padà láàárín fáàfù.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má ṣe ìdánwò yìí láìdúró. Ó ń jẹ bátìrì, ó sì ń mú pọ́ǹpù gbóná. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan dáadáa, ó tó.

Ẹ wá wọn bátìrì. Kí ẹ tó tan mọ́tò, ó yẹ kó lé ní fóòtì 12.4, bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bátìrì tó rẹ̀ ń mú kí gíà yìí ṣe dákú dájí, kó sì kọ àwọn ẹ̀sùn, ìyẹn kóòdù àìsàn, tí kì í ṣe òótọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bó bá kéré, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì tó dára sí i kí ẹ tó dá ẹjọ́ kankan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ́ìlì pọ́ǹpù. Níbí ni mo ti ń bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba mọ́tò jẹ́ jù nílé wa. Ọ́ìlì yìí kì í ṣe ọ́ìlì bíréèkì, kì í sì í ṣe ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíà ótómátíìkì. Ti BMW ni Pentosin CHF 11S; ti Alfa, Ferrari àti Maserati ni Tutela CS Speed. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, tí mẹ́káníìkì sì da èyí tó bá ṣáà wà nítòsí sí i, àwọn rọ́bà inú rẹ̀ lè wú, agbára á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. CHF 11S ní àwọ̀ ewéko. Bí ẹ bá ṣí ìdérí BMW tí ẹ rí ọ́ìlì pupa, ẹnì kan ti da ohun tí kò yẹ sí i. Bó bá ti dúdú, ó ti pẹ́ jù. Èyí tó dúdú ṣì ṣeé pààrọ̀. Èyí tó pupa, èmi kò ní ra mọ́tò náà àyàfi kí iye rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé owó pọ́ǹpù àti fáàfù tuntun wà nínú rẹ̀.

Ìpele yìí yọrí bí pọ́ǹpù bá kùn tó sì dákẹ́, bí 1 àti R bá wọlé láìjanpata, bí bátìrì bá pé, bí ọ́ìlì bá jẹ́ irú rẹ̀ gan-an. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ ka kọ̀ǹpútà gíà kí ẹ tó wà á

Ẹ so síkánà mọ́ ọn. Ẹ ka kọ̀ǹpútà gíà ní tirẹ̀, kí ẹ tún ka ti ẹ́ńjìnì. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó bá yọ. Ẹ̀sùn tó kan sẹ́ńsọ̀ ipò gíà, sẹ́ńsọ̀ ipò kílọ́ọ̀ṣì, tàbí agbára ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀, ìwọ̀nyí ló ṣe pàtàkì. Ẹ̀sùn pé iná bátìrì kéré, ẹ lè fojú fò ó bí ẹ bá ti yanjú bátìrì.

Ẹ ní kí rèwáyà fi bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe jẹ tó hàn yín. Lára Ferrari àti Maserati, síkánà tó yẹ máa ń fi í hàn ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Lára BMW, ẹ máa rí ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà yẹn nìkan o. Ìṣirò ni, kọ̀ǹpútà kò rí kílọ́ọ̀ṣì náà lójú. Bí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ kò bá kọ́ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á máa sọ ìtàn kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ìwà mọ́tò lójú ọ̀nà ló máa dá ẹjọ́ náà.

Ẹ ṣọ́ra fún kọ̀ǹpútà tó mọ́ jù. Bí kò bá sí ẹ̀sùn kankan nínú tọ́kunbọ̀ tó ti lé ní ọdún 15, ẹ wo apá tí síkánà ń pè ní "readiness". Bí ó bá sọ pé ọ̀pọ̀ ìyẹ̀wò ẹ́ńjìnì kò tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu gbogbo ẹ̀sùn kúrò ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé kíkà kejì, lẹ́yìn wíwà, ló máa sọ òótọ́.

Ẹ má nu ohunkóhun. Bí rèwáyà bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ nípa nínu ẹ̀sùn, ẹ dá a dúró.

Ìpele 5: Ẹ wà á, ẹ má kánjú

Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ wo èéfín, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀. Ẹ fi gíà sí M, kì í ṣe A. Nínú A, kọ̀ǹpútà lè máa bo àìsàn mọ́lẹ̀ nípa yíyan gíà tó rọrùn fún un.

*Gbígbéra.* Níbi tó tẹ́jú, tí kò sí èrò, ẹ tẹ iná díẹ̀, kí mọ́tò gbéra. Ẹ ṣe é bíi mélòó kan. Kó gbéra bí ìgbà tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ bá tu kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n rìrì kó tó lọ, ojú kílọ́ọ̀ṣì ti jó, tàbí ọ́ìlì ti kàn án. Bó bá ń gún ènìyàn lẹ́yìn gbì, ibi tó ti ń mú kò bá ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ mu mọ́. Èyí lè yanjú pẹ̀lú kíkọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì lè má yanjú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í rìn fúnra wọn bí ẹ bá tu bíréèkì sílẹ̀. Ẹ má rò pé àìsàn nìyẹn.

*Yíyí gíà.* Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ mọ́tò tó dára sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ra èyí tó ti bàjẹ́. Mọ́tò yìí máa ń tì síwájú díẹ̀ bó bá ń yí gíà, pàápàá láti 1 sí 2. Ìwà rẹ̀ ni. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń wa mánúà: bí ẹ bá ti fa ewé, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò lórí iná, gíà á yí, ẹ padà tẹ iná. Bí títì yẹn bá lọ, gíà náà kò ní àrùn. Bó bá ṣì ń gbá ènìyàn, tàbí tí irin ń ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nígbà tí gíà ń wọlé, tàbí tó ń pẹ́ kó tó wọlé nígbà tí mọ́tò ti gbóná, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gíà tó ti ṣẹlẹ̀. Ohùn kan tó máa ń jáde nínú gíà 2 nìkan, lọ́pọ̀ ìgbà oruka tó ń mú gíà bára mu ló ti jẹ, iṣẹ́ ìṣí-gíábọ́ọ̀sì sì nìyẹn.

*Yíyọ̀ kílọ́ọ̀ṣì.* Ẹ jáde sí ọ̀nà tó gùn tí mọ́tò kò pọ̀, bíi apá ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tàbí ọ̀nà Ìlẹ̀ṣà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá ìlú. Ẹ fi sí gíà 4 pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnì ní nǹkan bí 2,000. Ẹ tẹ iná tán pátá, kí ẹnì kejì máa wo abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ àti eré gbọ́dọ̀ jọ máa gòkè. Bí abẹ́rẹ́ bá fò sókè tí mọ́tò kò sì yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti parí. Kò sí ìjíròrò lórí èyí. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré, kí ẹ sì ti wo ẹ̀yìn àti iwájú dáadáa kí ẹ tó tẹ iná.

*Òkè.* Ẹni tó ń gbé Ìdànrè tàbí Ọ̀kà Àkókó mọ ohun tí òkè ń fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe. Ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó dákẹ́, ẹ dúró ní àárín rẹ̀, ẹ fa háńbíréèkì, kí ẹ gbéra sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ yí mọ́tò padà kí ìdí rẹ̀ kọ sókè, ẹ fi rìfáàsì gun òkè náà díẹ̀. Rìfáàsì lórí òkè ni iṣẹ́ tó nira jù fún kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò yìí. Mọ́tò tó ti ń ṣàìsàn á gbọ̀n, á rùn, tàbí á kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó. Bí òórùn jíjó bá wọlé, ẹ dúró, kí ẹ jẹ́ kó tutù.

Ẹ ṣọ́ra: ẹni tó ń tà á lè fẹ́ fi iná gbé mọ́tò dúró lórí òkè láìtẹ bíréèkì, láti fi hàn yín pé ó lágbára. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́, torí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ fẹ́ rà ló ń sun níbẹ̀ yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi launch control, ìyẹn ètò tó ń mú mọ́tò fò gbéra pẹ̀lú iná púpọ̀, gbéra fún yín.

*Ooru àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.* Ẹ wá padà sínú ìlú, ẹ gba ọ̀nà Ọjà Ọba tàbí Arákàlẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ akérò ti kún ún. Ẹ rìn, ẹ dúró, ẹ rìn, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Sẹ́ńsọ̀ tó ti ń rẹ̀ sábà máa ń dáa lóòtutù, kó sì daṣẹ́ sílẹ̀ lóoru. Bí gíà bá já bọ́ sí N lójú ọ̀nà, bí iná gíà pupa tàbí òféefèé bá tàn lẹ́ẹ̀kan tó sì kú, iṣẹ́ yín ti so èso. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé, "Bátìrì ni, ẹ̀gbọ́n". Ẹ ti wọn bátìrì láàárọ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ pa á. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ooru ẹ́ńjìnì gòkè bá gíábọ́ọ̀sì. Ẹ tún un tàn, ẹ fi sí 1, ẹ fi sí R. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó yege nínú gbogbo èyí tó ṣáájú ló ń ṣubú níbí.

Ìpele yìí yọrí bó bá gbéra láìgbọ̀n, bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá yọ̀ nínú gíà 4, bó bá fi rìfáàsì gun òkè, tó sì tún tàn lóoru tí gíà wọlé.

Ìpele 6: Ẹ wo abẹ́ rẹ̀

Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí mọ́tò dúró lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ ń sinmi. Lẹ́yìn náà kí mẹ́káníìkì wọ inú kòtò tàbí kí ó gbé mọ́tò sókè dáadáa, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan. Kó wo ibi tí ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ń jò níbẹ̀ lè kan kílọ́ọ̀ṣì. Kó tẹ̀lé àwọn páìpù ọ́ìlì pọ́ǹpù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó wo gbogbo ibi tí wọ́n ti so pọ̀.

Mọ́tò eré kì í ga nílẹ̀. Kòtò ojú ọ̀nà wa á ti fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti lò ó níhìn-ín fún oṣù díẹ̀. Ẹ wo ibi tó ti wọ́, ẹ wo bóyá páìpù kan ti tẹ̀. Ẹ tún ṣí pùlọ́ọ̀gì wáyà kan tàbí méjì tó sún mọ́ gíábọ́ọ̀sì; bí idẹ inú rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé bíi pé ìpẹtà mú un, omi ti wọ mọ́tò náà rí. Mọ́tò omíyalé tó ní gíà báyìí, èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ìpele 7: Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ ṣírò kí ẹ tó nájà

Ẹ tún so síkánà mọ́ ọn. Fi ohun tó yọ wéra pẹ̀lú fọ́tò àárọ̀. Ẹ̀sùn tuntun tó jáde lẹ́yìn wíwà ni ẹ̀sùn tòótọ́.

Kí ẹ tó dá owó, ẹ pe àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, kí ẹ bèèrè iye nǹkan mẹ́rin fún VIN yẹn gan-an: kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bérìn rẹ̀, accumulator, pọ́ǹpù, àti sẹ́ńsọ̀ ipò gíà. Fún MR2, ẹ lè rí wọn. Fún Maserati, wọ́n á ní kí ẹ dúró dìgbà tó bá ti òkè òkun dé. Ẹ tún bèèrè ẹni tó máa kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá sí ẹni náà ní Àkúrẹ́, Èkó ni mọ́tò yín á lọ, nǹkan bí 300 kìlómítà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé bí agbára ọ́ìlì bá tán nígbà tí mọ́tò wà nínú gíà, kílọ́ọ̀ṣì á dì mú, kò ní sí pẹ́dà tí ẹ fi máa tú u sílẹ̀, mọ́tò kò sì ní ṣeé tì. Ọkọ̀ tó ń fi okùn fà á lásán lè ba á jẹ́ sí i. Ọkọ̀ tó máa gbé e lérí pátápátá ni ẹ nílò. Ẹ fi owó ìgbérí yẹn sínú ìṣirò yín.

Bí kílọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti jẹ, tí gbogbo ìyókù sì dáa, ó ṣeé rà: ẹ yọ owó kílọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ọwọ́ àti kíkọ́ kọ̀ǹpútà kúrò nínú iye tí wọ́n pè, kí ẹ nájà láti ibẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ń jẹ nínú mánúà náà. Bí pọ́ǹpù àti kílọ́ọ̀ṣì bá jọ ń ṣàìsàn, tàbí tí gíà já bọ́ sí N lójú ọ̀nà tí ẹ kò sì rí ìdí rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un.

Ìpele 8: Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ yín

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì pọ́ǹpù pẹ̀lú irú tirẹ̀ gan-an. Bí bátìrì bá ti lé ní ọdún mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ òun náà. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà níbi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú.

Bí ẹ ṣe ń wà á ló máa pinnu iye ọdún tó máa lò. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ iwájú FUTA, ẹ má máa rọra tẹ iná kí mọ́tò máa rákò lẹ́sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí àyè ṣí níwájú yín, ẹ gbéra tán, ẹ dúró tán. Bí iná pupa bá máa pẹ́, ẹ fi sí N. Lórí òkè, háńbíréèkì tàbí bíréèkì ló ń gbé mọ́tò dúró, kì í ṣe iná. Bí ẹ bá ń pa á, kò sí P, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ nínú 1 tàbí R kí ẹ tó yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fa háńbíréèkì.

Bí ẹ bá ti wà á tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ẹ padà sọ́dọ̀ rèwáyà, kí ẹ tún ka nọ́ńbà kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi wé èyí tó wà lórí ìwé yín. Bí kò bá sún ju díẹ̀ lọ, ẹ máa wà á bẹ́ẹ̀. Bó bá ti sún jìnnà, ẹ tún ṣe ìdánwò gíà 4 yẹn lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: bí abẹ́rẹ́ bá fò, kílọ́ọ̀ṣì ni, bí kò bá fò, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.